Fáìlì Tí À Ń Wò Kọ́ Ló Wà Lọ́hùn-ún

Bí ẹ bá bi àwa tí à ń fi kóòdù jẹun pé kí ló dé tí iṣẹ́ kò lọ, ìdáhùn ti wà lẹ́nu wa kí ẹ tó béèrè tán: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí fáìlì ṣí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kó séèfù. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá dára lọ́jọ́ náà, tí gbogbo ọ́fíìsì ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù láìsí wàhálà, ẹnì kan ṣì wà nílẹ̀ tí a lè di ẹ̀bi rù: ọmọ IT, ọmọ yunifásítì tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa fún oṣù 6. Irọ́ la máa ń pa lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa tí à ń kọ èyí ti pa á rí, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí wa, ara wa la sì kọ́kọ́ ń bínú sí.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ara iṣẹ́ yìí. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ oníbàárà wa ń gbé inú rẹ̀. Tiwa wà ní Jámánì, àwa wà ní Ìbàdàn, a ò sì fojú kàn án rí. SSH ni ọ̀nà tí à ń gbà wọ inú rẹ̀. Ó dà bí ọ̀nà abẹ́lẹ̀: ẹni tó bá ń ṣọ́ wa lójú títì kò ní gbọ́ ohun tí à ń sọ, kò sì ní rí ohun tí à ń gbé kọjá. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Tatu Ylönen, ló kọ ọ́ ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn olè kan lúgọ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Helsinki níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àwọn ènìyàn bó ṣe ń kọjá lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ wá bá a.

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ tún fáìlì ṣe lórí sáfà á gba ọ̀nà yẹn wọlé, á jókòó síwájú ojú dúdú tẹ́mínà, á sì fi vi tàbí nano tún un ṣe níbẹ̀ gan-an. Nísinsìnyí, ẹ́dítọ̀ tó wà lórí láptọ́ọ̀pù wa ló ń bá wa rìnrìn àjò náà. A tẹ orúkọ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí, àwọ̀ rẹ̀ ń dán. A tẹ Ctrl àti S, ó parí. Ó wá dà bí ẹni pé Jámánì wà nínú yàrá kejì.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì tí à ń wò lójú wa kọ́ ló wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀dà rẹ̀ ni, tàbí àwòrán rẹ̀, tàbí ohun tó jẹ́ ní ìgbà tí a ṣí i. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe é. FileZilla àti WinSCP á fa fáìlì náà wá sínú fódà ìgbà díẹ̀ kan lórí láptọ́ọ̀pù, ìgbà tí ẹ bá séèfù ni wọ́n á tó gbé gbogbo rẹ̀ padà lọ. TRAMP tó wà nínú Emacs á máa bá ṣẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èèyàn ló jókòó síbẹ̀ tó ń tẹ̀wé. VS Code á gbé apá kan ara rẹ̀ lọ sórí sáfà, á fi sínú fódà tó ń jẹ́ .vscode-server, apá kejì á dúró tì wá nílé. Iṣẹ́ ọpọlọ ni gbogbo wọn, a ò bú ẹni tó ṣe wọ́n. Ohun tí wọ́n jọ fi jọra ni pé wọ́n ń bò ọ̀nà jíjìn mọ́lẹ̀ fún wa, àwa náà sì gbà pẹ̀lú ìdùnnú. Ohun tí a ń bá ara wa jà lé lórí nìyí: ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn kò ní mọ ibi tí ẹrù ti já bọ́.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ràn èdè Yorùbá débi pé kò fẹ́ kí sáfà pàápàá máa fi èdè òyìnbó kí òun. Ó ṣí fáìlì tó ń jẹ́ .bashrc, èyí tí ṣẹ́ẹ̀lì máa ń kà bó bá ti jí, ó sì kọ ọ́ sí òkè pátápátá pé kó máa sọ pé "Ẹ káàbọ̀". Inú gbogbo wa dùn. Bí ẹ bá fi SSH wọlé, sáfà á kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́dítọ̀ ò lè ṣí fáìlì kankan mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: Received message too long 3787110432. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán sí òun ti gùn jù, ó sì ka iye báìtì rẹ̀ síta, ó lé ní bílíọ̀nù 3.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà. A pààrọ̀ síìmù. A ra dátà tuntun. A lọ jókòó sí ọ́fíìsì aládùúgbò wa láti lo tiwọn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní bóyá àwọn ará Jámánì ti dínà mọ́ Nàìjíríà. Ohun tó da ọ̀rọ̀ náà rú jù ni pé SSH fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí a bá wọlé láti tẹ́mínà, kò sí wàhálà, "Ẹ káàbọ̀" náà nìyẹn. Ta ló máa fura sí ẹni tó ń kí i?

Nígbà tó yá la tó jókòó ti nọ́ńbà yẹn. Ẹ́dítọ̀ wa ń fi SFTP gbé fáìlì, òfin SFTP sì ni pé báìtì 4 àkọ́kọ́ tó bá dé gbọ́dọ̀ sọ bí iṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe gùn tó. Nọ́ńbà ló ń retí. Ìkíni ló bá pàdé. Lẹ́tà Ẹ gba báìtì 3 nínú UTF-8: E1, BA, B8. Àlàfo tó tẹ̀ lé e jẹ́ 20. Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ kà wọ́n bíi nọ́ńbà kan, 3787110432 gan-an lẹ máa rí, kò lé kan, kò dín kan. Ohun tí à ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú láti ọjọ́ méjì, lẹ́tà Ẹ ni, pẹ̀lú àlàfo kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ibi tí kọ̀ǹpútà náà ti parọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló ń kà padà fún wa, àwa la ò gbọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú kan. Nínú .bashrc tó máa ń bá Ubuntu wá, ìlà kan wà nítòsí òkè tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèyàn ló wọlé tàbí irinṣẹ́. Bó bá jẹ́ irinṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀lì á dákẹ́, kò ní ka ìyókù. Ẹni wa ti kọ ìkíni tirẹ̀ sókè ìlà yẹn. A gbé e sísàlẹ̀. Ó ṣì ń kí wa títí dòní. (Àwọn tó ń lo TRAMP náà mọ irú ẹ̀ dáadáa: ẹ fi àwọ̀ àti òdòdó kún àmì ìdúró ṣẹ́ẹ̀lì yín, TRAMP ò ní dá a mọ̀ mọ́, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì tí kò ní dé.)

A ò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í jẹ̀bi o. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn 4 tó ń gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ pa pọ̀ létí òkun Côte d'Ivoire. Báńkì ń sunkún, ilé iṣẹ́ fóònù ń sunkún. Ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, òótọ́ ló sọ. Bákan náà ni bí iná bá lọ, tí ráútà kú, láptọ́ọ̀pù ṣì ń lo bátìrì. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ yẹn ti já, ẹ́dítọ̀ ò sì mọ̀. Á dì gbagidi, ẹ̀yin á máa tẹ̀wé lọ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí tí kò fi mọ̀ ni pé bí SSH ṣe dé sọ́wọ́ wa, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lódì kejì pé ṣé o ṣì wà níbẹ̀. Òdo ni ServerAliveInterval rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di 15, á máa béèrè ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 15, bó bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ èsì, á já a fúnra rẹ̀, á sì sọ fún yín pé òun já a. Ó sàn kí ilẹ̀kùn tì gbàà lójú wa ju ká rò pé ó ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká tó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi, ká kúrò nínú ẹ́dítọ̀ ná. Ẹ lọ sí tẹ́mínà, ẹ fi ssh -v wọlé, ẹ ka ohun tó ń sọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tó dé, kọ́kọ́rọ́ tó nawọ́ rẹ̀, èyí tí sáfà gbà àti èyí tó kọ̀. Bí ìyẹn bá lọ, ẹ gbìyànjú sftp ní ìhòòhò, láìsí ẹ́dítọ̀. Bí òun náà bá lọ, a jẹ́ pé ẹ́dítọ̀ la máa bi léèrè. Kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. A mọ̀ pé ìṣẹ́jú 5 ni, nítorí pé láàárín ọdún mélòó kan a ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sán sá fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó ká wa lára.

Oníbàárà wa kan jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn. Sọ́fítíwíà wa ló ń ṣírò owó yíyá wọn, tó sì ń yọ èlé kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tó yá a. Èlé yẹn wà nínú fáìlì ètò kan lórí sáfà, ìlà kan péré, 10 ni wọ́n kọ síbẹ̀: náírà 10 lórí 100. Ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ ní kí wọ́n sọ ọ́ di 5. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a rán ọmọ IT wa níṣẹ́ náà. Ó fi SSH wọlé, ó fi nano ṣí fáìlì náà, ó pa 10 rẹ́, ó kọ 5, ó séèfù. Ó wá bá wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é." A ní ó ṣeun.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pín owó yíyá. Ẹni tó yá ₦200,000, tó yẹ kí wọ́n yọ ₦10,000 lórí rẹ̀, ₦20,000 ni wọ́n yọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ti pè wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé mo jẹ owó àwọn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju èébú lọ. Ilé iṣẹ́ wa san owó náà padà fún olúkúlùkù, ìyẹn ò ní wàhálà. Wàhálà wà nínú ohun tó tẹ̀ lé e.

A ṣí fáìlì náà. 10 ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa pe ọmọ IT. Ó ní òun yí i sí 5. Wọ́n ní, ta ló wá yí i padà? Kò mọ̀. Gbogbo wa, èèyàn 6, orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo là ń lò lórí sáfà yẹn, deploy lorúkọ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó fi hàn pé ẹnì kankan wọlé lẹ́yìn ọmọ náà. Ká kúkú sọ òótọ́, a ò wá a. Ẹnì kan nínú wa ní bóyá kò séèfù. Ẹlòmíràn mi orí, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ku ọ̀sẹ̀ 7 kí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ parí, a ò sì fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ gbé padà sílé ìwé. Àwa tí à ń kọ èyí wà níbẹ̀. A dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà, nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ohun tí a yí lánàá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ IT ò sì sí nílé mọ́.

Ìgbà yẹn ni ojú tó tì wá láti wá ohun tó yẹ ká ti wá lọ́jọ́ kìíní. Ní alaalẹ́, rsync máa ń ṣe ẹ̀dà fáìlì sáfà náà pa mọ́, ó sì máa ń tọ́jú aago tí wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. A lọ wo ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀: 5. Ọmọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. A wo ti alẹ́ Ẹtì: 10, aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 42 ní ìrọ̀lẹ́. A lọ sí auth.log. Níbẹ̀, bí orúkọ ìwọlé bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, SSH máa ń kọ àmì kọ́kọ́rọ́ tó ṣílẹ̀kùn, ìlà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHA256. Kọ́kọ́rọ́ kan wọlé ní ìṣẹ́jú 42 yẹn. A fi ssh-keygen -lf wo àmì kọ́kọ́rọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí tábìlì kan náà. Ó bá ti ẹni tó ní bóyá ọmọ náà kò séèfù mu. Ẹni yẹn wà lára àwa tí à ń kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ 4 péré ni sáfà náà ń tọ́jú ìwé yẹn kó tó pa á rẹ́. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn débi pé ó ń tini lójú. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹni náà ti fi irinṣẹ́ tirẹ̀ ṣí fáìlì yẹn, nígbà tó ṣì jẹ́ 10. Ẹ̀dà rẹ̀ wá sórí láptọ́ọ̀pù. Ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó lọ sílé, ó tún ṣí i, ó tún pa á dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó rántí pé òun fẹ́ fi nọ́ńbà fóònù kan kún un. Ó fi kún un, ó séèfù. Irinṣẹ́ náà bi í pé ṣé kí òun gbé e lọ. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ìlà kan tí ẹ yí. Gbogbo fáìlì ló ń gbé, pẹ̀lú ohun gbogbo tó ti gbó nínú rẹ̀. 10 tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọkọ̀ lọ sí Jámánì, ó lọ jókòó sórí 5 tí Ọjọ́bọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò já. Iná ò lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan lójú ẹ́dítọ̀. Ohun gbogbo lọ geere, owó àwọn ìyá ọlọ́jà sì bá a lọ. A gbà báyìí pé irinṣẹ́ tó bá ń bò ọ̀nà jíjìn mọ́lẹ̀ ń bò ẹlẹ́bi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì rí ẹlẹ́bi, ẹni tó kéré jù nínú ilé ló máa rù ú. Kò sí ọ̀gá kan tí wọ́n lé lọ́jọ́ náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ti ń dá wa lóhùn kí a tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, ẹ lo Git, kí ló kàn yín kan ká máa tún fáìlì ṣe lórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Òótọ́ ni. Bí ẹnì kan bá ti gbé iṣẹ́ síwájú, tí ẹ wá fẹ́ fi ti àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀, Git á kọ̀, á ní ẹ lọ gba tuntun wá ná. Kíkọ̀ yẹn gan-an ló ṣọ̀wọ́n nínú àwọn irinṣẹ́ yòókù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ò tíì fọwọ́ kan fáìlì lórí sáfà rí ní aago 11 òru nígbà tí oníbàárà ń pè, ẹ jọ̀ọ́, kó wá jókòó síwájú ká wo ojú rẹ̀. A máa ń ṣe é. A ó sì tún ṣe é. Nítorí náà, ká mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Àwọn mìíràn ní ṣé ẹ fẹ́ dá wa padà sí ojú dúdú ni, ṣé bí ayé ṣe ń lọ síwájú lẹ̀yin ń lọ sẹ́yìn? Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí vi ti wá. Bill Joy kọ ọ́ ní Berkeley ní 1976, nígbà tó ń fi módẹ̀mù 300 baud bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láti ilé. Ìyẹn ń gbé nǹkan bíi lẹ́tà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú tẹ́mínà kan tó ní ìlà 24, tí ìlà kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà 80, á lé ní ìṣẹ́jú kan kó tó kún. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ vi fi kúrú bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan, lẹ́tà méjì: ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀nà jìn, pé gbogbo lẹ́tà ló ní iye tó ń gbà. Irinṣẹ́ ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń falẹ̀ ni. Tiwa ni, bí a bá rò ó dáadáa, ju bó ṣe jẹ́ ti ẹni tí sáfà rẹ̀ wà ní òpópónà kejì lọ. Ká máa fi ojú àtijọ́ wò ó, àìmọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ́dítọ̀ aláwọ̀ kó máa lò ó, àwa náà ń lò ó láti kọ èyí. Kó ṣáà mọ̀ pé ẹ̀dà ló wà lọ́wọ́ òun.

Èyí tó burú jù nínú ìwà wa ni bí a ṣe ń pa ẹnu ohun tó ń kìlọ̀ fún wa dé. SSH lè là á mọ́ wa lójú ní lẹ́tà gàǹgà pé REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED, pé kọ̀ǹpútà tó wà lódì kejì kọ́ ló wà níbẹ̀ lánàá, pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa ṣe iṣẹ́ ibi. Kí là ń ṣe? À ń wá ìlà tó máa jẹ́ kó dákẹ́. A pa orúkọ sáfà náà rẹ́ kúrò nínú known_hosts, tàbí, kí ó má baà dá wa dúró mọ́ láéláé, a kọ StrictHostKeyChecking no. Lóòótọ́, ìgbà púpọ̀ ni kì í ṣe olè. Ẹnì kan ló tún sáfà náà tò. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó tò ó ló yẹ ká ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ká rò ó lọ́kàn. Olè tó lúgọ sójú ọ̀nà ni Ylönen rí ní 1995 tó fi kọ SSH. Ẹni tó bá wá ra ilẹ̀kùn irin, tó sì so okùn mọ́ ọn kó má baà tì mọ́, kí ló rà?

Tàbí chmod 777. Bí ẹ́dítọ̀ bá ní òun ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sínú fáìlì kan, ẹnì kan á kígbe láti ẹ̀yìn pé, "777!" Ó fẹ́ ṣí i sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ. A ti rí ẹni tó ṣe é fún gbogbo fódà ilé rẹ̀ lórí sáfà. Láti ìṣẹ́jú yẹn, SSH kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí pé SSH kì í gba kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ilé tí ẹlòmíràn lè kọ̀wé sí. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó sọ. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

A ti yí díẹ̀ padà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lórí gbogbo sáfà tuntun. Fáìlì ètò ti wà nínú Git. Ẹni tó bá máa fọwọ́ kan nǹkan lórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́, á sọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa kó tó ṣí i, á sì sọ ọ́ nígbà tó bá ti í. Ọ̀gá wa ti gbà, lẹ́yìn ariwo díẹ̀, pé wọn ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni nítorí fáìlì kan láìjẹ́ pé a ti ka auth.log pa pọ̀, gbogbo wa, lójú ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. A fẹ́ kí gbogbo ọ́fíìsì tó ní ọmọ IT ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ni a máa ń rán sí ibi tí àwa ò fẹ́ lọ, pẹ̀lú orúkọ ìwọlé tí kì í ṣe tiwọn, lórí fáìlì tí kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún wọn pé mélòó la jẹ́ tó ṣí i.

A pe ọmọ náà. Ó ti rí ibòmíràn lọ láti parí ìyókù. Ó wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání, ó kí wa bó ṣe máa ń kí wa tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa ti tẹ lẹ́tà kan sílẹ̀ fún ilé ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe kan wáyé. Ọmọ náà kà á, ó fi sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ kí ọjọ́ náà wà níbẹ̀, àti aago, àti àmì kọ́kọ́rọ́ yẹn." Ọ̀gá wa wojú wa. A tún lẹ́tà náà tẹ̀, a da àmì yẹn kọ láti auth.log, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n fọwọ́ sí i. Ó pa á pọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá deploy ṣì wà lórí sáfà àwọn ìyá ọlọ́jà. A ní ó ṣì wà, a máa yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó tì wá títí a fi yọ ọ́.